Onípáálí àti Ráṣẹ́ẹ̀tì Eléèkù Gígùn

Nígbà tí ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí i, apá ọkùnrin náà wà nínú páálí títí dé èjìká, ó sì di ojú pinpin bí ẹni tó ń gbàdúrà. Orí káńtà wọn ló gbé páálí ọ̀hún lé. Ó ti fi ọ̀bẹ dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti fi pákó pẹlẹbẹ há a láàárín, ó sì ti de nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ ògiri rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè dé. Ìró kan ń jáde láti inú rẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ àgbàdo gbígbẹ.

Ọmọbìnrin náà, tó ń tajà níbẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, kò sì tíì pẹ́ tó wọlé lọ bu tíì. Láti ìgbà tó ti ń bá bàbá rẹ̀ tajà, ó ti rí oníbàárà tó ń fi eyín jẹ sípánà wò bóyá irin gidi ni, ó sì ti rí èyí tó ní òun ń wá òòlù tí kò ní í wúwo. Ẹni tó ru páálí láti ilé wá ni kò tíì rí.

"Ẹ káàsán o," ló ní. "Ṣé kí n pe dókítà ni, àbí ẹ ṣì lè yọ ọwọ́ yín fúnra yín?"

Ọkùnrin náà kò lajú. "Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú, mi ò bá ẹnikẹ́ni níbí, mo sì rí irin yìí lára ògiri. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ọwọ́ mi ń wòran."

"Kí ni ọwọ́ yín ń ṣe?"

"Ó ń wòran. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú ò wúlò. Ọwọ́ ló máa ń lọ wò ó wá."

Ó wá lajú, ó sì yọ apá rẹ̀ jáde. Ráṣẹ́ẹ̀tì kúkúrú kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin tí àwọn mẹkáníìkì fi ń yí nọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá yí i síwájú, á di nọ́ọ̀tì mú. Bí wọ́n bá dá a padà, á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ju sípánà lọ, tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa yọ, kó sì tún máa fi bọ̀ ọ́, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá odò ni ọkùnrin náà ń tún ṣe. Ó ní ẹni tó kan ọkọ̀ yẹn kò rò pé ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ láé, nítorí ó gbé e sún mọ́ ògiri débi pé ọwọ́ kò fẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó sì máa ń yọnu jù, ẹ̀yìn níbẹ̀ ló wà. Ó wọn ibẹ̀, ó sì fi páálí gé irú rẹ̀, kó má baà ra irin tí kò ní í wọlé.

"Ibi tó bá há, irinṣẹ́ kúkúrú ló yẹ ẹ́," ọmọbìnrin náà sọ. Ohun tó ti ń sọ fún oníbàárà láti ìgbà tó ti mọ iṣẹ́ nìyẹn.

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń rò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ há, ó sì tún jìn. Bí èèkù bá kúrú, ọwọ́ mi ni yóò bá a wọlé, ọwọ́ mi ló sì nípọn jù. Bí èèkù bá gùn, irin nìkan ló máa wọlé. Ọwọ́ mi á dúró síta, níbi tí àyè wà." Ó wo ara ògiri. "Ẹ ò ní eléèkù gígùn?"

Wọn kò ní. Gbogbo oríṣi irinṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ráṣẹ́ẹ̀tì kan tó gùn ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ. Ọmọbìnrin náà mọ ìdí rẹ̀, kò sì fẹ́ sọ ọ́ fún àlejò.

"Ẹ fi páálí yín sílẹ̀," ló ní. "Bí mo bá rí èyí tó lè wọ̀ ọ́, ẹ ó gbọ́."

"Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún mi o. Òun ni mo ní tó dà bí ilé."

Ẹ̀rín pa á. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó wo títì síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún, ó ti apá tirẹ̀ bọ inú páálí, ó sì di ojú. Kò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ìka rẹ̀ kan nọ́ọ̀tì tútù yẹn, kò sì tètè yọ apá rẹ̀ jáde.

Bàbá rẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ọ̀gá Àgbà, ti ṣe mẹkáníìkì rí kó tó di ẹni tó ń ta irinṣẹ́. Ìka méjì ló le gbagidi lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kì í ká, kì í nà. Ó ń tú nọ́ọ̀tì kan lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì náà kọ̀, ló bá ti páìpù gígùn bọ èèkù ráṣẹ́ẹ̀tì kó lè rí agbára sí i. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Eyín inú ráṣẹ́ẹ̀tì náà fọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bá irin lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ pé èèkù gígùn kò ní í wọ ṣọ́ọ̀bù òun, nítorí ó máa ń mú kí ọkùnrin rò pé òun lágbára ju bí òun ṣe lágbára lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ohun kejì tó sọ ni pé ọmọ òun kò ní í fẹ́ mẹkáníìkì. Ìyẹn kò dun ọmọbìnrin náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́, torí kò sí mẹkáníìkì kankan lójú rẹ̀. Àfi ìgbà tí páálí dé.

Ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ọjà wá fún wọn pé kó yá òun ní eléèkù gígùn díẹ̀, kí òun yàn nínú wọn. Òwúrọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di ọ̀sán, á lọ sinmi nílé. Ọ̀sán ni ọjà náà dé, ọ̀sán ni Onípáálí náà sì ń wá. Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn, Onípáálí. Ọkùnrin náà sì ń pè é ní Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, gbogbo wọn jọra," ló wí nígbà tí wọ́n tò wọ́n sórí káńtà.

"Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Gbé ti àkọ́kọ́."

Orí ti àkọ́kọ́ tóbi jù, kò tilẹ̀ kọjá lára pákó tó wà nínú páálí. Òmíràn wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n eyín inú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kó tó dún kẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èèkù ní láti rìn jìnnà, ibi tó há kò sì fún un láyè ìrìn. Ọmọbìnrin náà gbé e sétí, ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. "Gbọ́ ọ. Ó ń dún kẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń dún kẹ̀. Ọ̀lẹ ni."

"Bí èmi náà bá dún, ṣé wàá gbé mi sétí?"

"Ìwọ kì í sinmi. Mi ò nílò kí n gbé ẹ sétí kí n tó gbọ́ ẹ."

Ó ti di "ìwọ" láàárín wọn nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tí "ẹ̀yin" lọ.

Èyí tí wọ́n yàn níkẹyìn ní orí kékeré, eyín rẹ̀ pọ̀, ó sì wẹ́, débi pé bí èèkù bá mì díẹ̀ báyìí, ó ti gba nọ́ọ̀tì síwájú. Ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀, kó lè yà fún ohun tó bá wà lọ́nà. Ọkùnrin náà fi í sínú páálí, ó di ojú, ó sì fi í wá nọ́ọ̀tì náà kàn.

"Òun ni," ló ní. "Ó dé ibẹ̀." Ó lajú, ó wò ó. "Ṣé bàbá rẹ kò ní í bínú? Mo gbọ́ ládùúgbò pé wọn kì í ta èyí."

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti ṣàṣìṣe. Ó yẹ kó sọ òtítọ́, ọkùnrin náà ì bá sì dúró títí bàbá rẹ̀ á fi gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bí ráṣẹ́ẹ̀tì bá padà síbi tó ti wá, Onípáálí náà lè má padà wá mọ́. "Mo ti bá wọn sọ ọ́," ló dá a lóhùn. "Wọ́n ní kò burú."

Ráṣẹ́ẹ̀tì lọ, ọkùnrin náà sì ń padà wá síbẹ̀. Ó ra gírísì títí èèyàn á fi rò pé ó fi ń para. Ó ra síkúrù tí kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú un lọ wo ọkọ̀ ojú omi náà ní èbúté, ó sì fi ẹ́ńjìnnì hàn án bí ẹni ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń mì lókè omi.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ló wí. "Mo ti fẹ́ràn rẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ. Mi ò tíì lajú nígbà náà."

Ọmọbìnrin náà kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ," ló ní. "Ó sì ń bà mí lẹ́rù."

Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀rù ìfẹ́ ni. Ó ní òun máa wá kí bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ, ní òwúrọ̀, nígbà tí àgbàlagbà bá wà ní ìjókòó. Ó yẹ kí ọmọbìnrin náà ní kó dúró ná. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó gbé e mì, ó sì ní, "Ó dáa."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti èyí kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Onípáálí wọ aṣọ tó mọ́, ó sì fi aṣọ ìnura funfun wé ráṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e wá.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ló kí bàbá náà. "Èmi ni mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi. Mo kọ́kọ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo gbọ́ pé ẹ kì í ta irú èyí, síbẹ̀ ẹ gbà kí wọ́n bá mi wá a. Ó ti gba ọwọ́ mi là lọ́pọ̀ ìgbà." Ó ṣí aṣọ náà.

Ọ̀gá Àgbà wo irin yẹn. Ó wo ọmọ rẹ̀, tó dúró sí ẹ̀yìn káńtà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba ráṣẹ́ẹ̀tì náà, ìka méjì tó le náà yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló gbà?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Bàbá náà yíjú sí ọkùnrin náà.

"Kí ni nǹkan kejì tó gbé ọ wá?"

Ọkùnrin náà ti mọ̀ báyìí pé ilẹ̀ ti yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, ṣùgbọ́n kò sá. "Mo fẹ́ràn ọmọ yín, sà. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Nígbà tí ọwọ́ yìí fọ́, ìyá rẹ̀ fi ṣíbí bọ́ mi," bàbá náà sọ. "Ó wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́. Títí di òní, òun ló ń bá mi de bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣe fún ọkùnrin, mo sì mọ ohun tí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ìyàwó. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi ọmọ mi sí i."

Ọkùnrin náà tẹ́ aṣọ ìnura sórí káńtà, ó gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ. "Mi ò lè máa lo ohun tí ẹ ò mọ̀ sí, sà. Ẹ ṣeun."

Ọmọbìnrin náà lé e dé títì. "Jọ̀ọ́, dúró."

"Pé bàbá rẹ kọ̀, ìyẹn kọ́ ló dùn mí," ló wí, kò sì gbóhùn sókè. "Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ní ìdí. O jẹ́ kí n dúró níwájú wọn, kí n máa dúpẹ́ fún ohun tí wọn kò ṣe. Ìwọ mọ ibi tí mò ń lọ, o sì jẹ́ kí n máa lọ."

"Ẹ̀rù ló bà mí pé o ò ní í padà wá."

"Èmi tí mo fi páálí mi sílẹ̀?" Ó mi orí, ó sì lọ.

Ọjọ́ gorí ọjọ́, kò yọjú. Wọ́n gbé ráṣẹ́ẹ̀tì náà sínú dúrọ́ọ̀, páálí wà lábẹ́ káńtà, ọmọbìnrin náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e dànù. Ní àsìkò náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí irọ́ tó pa. Ó rò pé òun fi mú ọkùnrin náà dání ni. Ó wá yé e pé òun fi gbogbo ara tẹ ohun tó yẹ kí òun fi ọwọ́ kan tì, bíi bàbá òun gan-an. Ọmọ ẹni kò ní í burú títí kó má jọ ẹni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nílé, ó ń fọ ife nídìí ẹ̀rọ omi, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn òbí rẹ̀ láti yàrá. Ìyá rẹ̀ ń de bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù fún bàbá rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

"Ọmọ yẹn kò jẹun dáadáa," ìyá rẹ̀ ní.

"Yóò jẹun. Ṣé o fẹ́ kó máa ṣe èyí títí ayé? Kó máa de bọ́tìnì ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé o lè dè é fúnra rẹ?"

Ìyá rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo rí ẹ níwájú dígí nígbà kan, ó ti pẹ́. O dè é, ó wọlé, o sì tún tú u kí n tó dé. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn kí n máa dè é." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "O máa ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè. Kó tó fọ́, ìwọ àti ẹ́ńjìnnì lẹ jọ ń gbé. Èmi kàn ń gbúròó yín ni. Ìgbà tí mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ la jókòó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé mo jìyà?"

Ọmọbìnrin náà dá omi dúró. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù tó ti rù tipẹ́ kalẹ̀.

"Mo rò pé..." bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀.

"Mo mọ ohun tí o rò. Kì í sì í ṣe èèkù gígùn ló ba ọwọ́ rẹ jẹ́. Ìkánjú ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O mọ̀ ọ́n, o sì ń sọ ọ́ fún oníbàárà lójoojúmọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin náà dúró níwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo parọ́ mọ́ yín, mo sì parọ́ fún un. Òun kò mọ nǹkan kan."

Bàbá náà nàka sí abẹ́ káńtà. "Gbé páálí rẹ̀ wá."

Ó gbé e wá. Bàbá rẹ̀ mú ráṣẹ́ẹ̀tì kúkúrú kan lára ògiri, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tì í wọ inú páálí. Ìka tó le náà kọ́ pákó, kò kọjá. Ó fà á jáde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú eléèkù gígùn náà. Irin nìkan ló wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síta. Ó di ojú, ó wá nọ́ọ̀tì títí ó fi bá a, ó sì fi ìka mẹ́ta tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mì í díẹ̀. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ó tún mì í. Kò le. Bí èèkù ṣe gùn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe fúyẹ́ fún ọwọ́ tó ti rẹ̀. Láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti fọ́, kò tíì fi í yí nọ́ọ̀tì kan rí. Ó ń yí i, ó ń yí i, omi sì ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú tó dì.

"Ta ló yan èyí?" ló béèrè nígbẹ̀yìn.

"Àwa méjèèjì la jọ yàn án."

"Ẹ mọ̀ ọ́n yàn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ti ilẹ̀kùn. A ń lọ sí èbúté."

Nísàlẹ̀ ọkọ̀, Onípáálí fi ikùn lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ráṣẹ́ẹ̀tì kúkúrú, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ti bó pupa. Èrò ń kùn lókè pé ọkọ̀ kò gbéra. Nígbà tó rí wọn, ó dìde jókòó, ó kí bàbá náà, kò sì wo ojú ọmọbìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló mú agolo òróró, ó kán an sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì káwọ́ lérí orúnkún.

"Kí lo ń dúró dè?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Òróró, sà. Nọ́ọ̀tì yẹn ti dípẹtà. Kí ó mu díẹ̀ ná."

"Èrò ń bínú lókè."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú, sà. Ìbínú wọn ò lè gé mi níka. Ìkánjú tèmi ló lè gé e."

Bàbá náà wo agolo òróró náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ráṣẹ́ẹ̀tì gígùn náà sí i. "Gbà. Èmi ni mo fún ọ báyìí, nítorí náà o lè lò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí páìpù lórí èèkù yìí lọ́jọ́ kan, mo máa gba irin mi, mo sì máa gba ọmọ mi."

Ó yé ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Ó gba irin náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ ṣeun, sà."

"Ṣiṣẹ́ rẹ," bàbá náà wí, ó sì gun àkàbà lọ sókè.

Òróró náà ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀tì náà tú, ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti di tuntun náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sípánà di orí bóòtì, irin tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́, mú ní apá kejì, kó má baà máa bá nọ́ọ̀tì yí. Apá ọmọbìnrin náà tín-ínrín. Ó rá wọ òdìkejì, ó nà gbọọrọ, ó di ojú, ó sì fi sípánà wá orí bóòtì náà kàn. Ẹ́ńjìnnì wà láàárín wọn. Kò rí ọkùnrin náà, ọkùnrin náà kò sì rí i. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bí irin ṣe ń mì nígbà tí èèkù bá lọ tó sì bọ̀.

"Ṣé o dì í mú?" ọkùnrin náà béèrè láti òdìkejì.

"Mo dì í mú." Ó tún di sípánà mú ṣinṣin. "Mo parọ́ fún ọ, mi ò sì ní í ṣe é mọ́. Bí òtítọ́ bá máa lé ọ lọ, màá sọ ọ́, màá sì jẹ́ kí o lọ."

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó lọ sẹ́yìn. Ó tún gba nọ́ọ̀tì síwájú. "Mi ò lọ jìnnà," ọkùnrin náà sọ. "Mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín lójoojúmọ́. Mo rí i pé páálí mi ṣì wà lábẹ́ káńtà. Ìyẹn ni mo fi ń sùn."

Omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà, kò sì sí ọwọ́ tó máa fi nù ún.

"Ọ̀gá."

"Mo ń gbọ́."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ó dá a lóhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Màá fẹ́ ọ. Mo ti fẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

Ohùn bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu àkàbà, níbi tí kò lọ jìnnà sí. "Ẹ di nọ́ọ̀tì yẹn tán ná."

Wọ́n dì í tán. Ọkọ̀ gbéra, èrò sì dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó, gbogbo wọn pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ sún mọ́ bàbá rẹ̀, bàbá náà sì gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n bá òun de bọ́tìnì ọrùn. Ọkọ ìyàwó dúró, ó ń wò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ìtàn bọ́tìnì yẹn fún un. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ pé, ẹ̀yìn wọn sì ti jinná. Ó tú bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù tirẹ̀, ó sì yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ọ̀gá," ló wí jẹ́jẹ́, "èyí kò ṣe é dè fún mi o."

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gá Àgbà sọ.

Ọmọbìnrin náà gbé òdòdó ọwọ́ rẹ̀ sórí káńtà, ó sún mọ́ ọn, ó di ojú, ó sì fi ìka wá ihò bọ́tìnì náà títí ó fi bá a.